Ìlànà Ló Ń Ṣáájú Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ti Bago, Kambolé, Tchamba àti Sokodé lọ kàwé ní Kara àti Lomé, mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ń gbèrò láti ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa gbé kiri. Bí àkókò ìwé bá tó, yóò dún. Bí ọmọ náà bá jókòó láti òwúrọ̀ tí kò fi nǹkan kan ẹnu, yóò tún dún, yóò ní kó dìde lọ jẹun. Èrò yìí dára, n kò sì ní bù ú kù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé ẹ̀rọ tí kò bá ìlànà nílẹ̀, ariwo lásán ni yóò máa pa.

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé àwọn òyìnbó nìkan ló lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọmọ Togo ni Logou Minsob tó ṣe Foufoumix, ẹ̀rọ tó ń gún iyán. Gbogbo wa la mọ bí iyán gígún ṣe rí nílé wa: ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta á yí odó kan ká, ọmọ odó á máa lọ sókè sódò, òógùn á máa kán tótó. Làálàá yẹn ni ọkùnrin yìí rí tó fi wá ẹ̀rọ tó ń parí iṣẹ́ náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n Foufoumix kọ́ ló kọ́ wa ní iyán jíjẹ. Ó bá wa níbi tí a ti mọ ohun tí a fẹ́ jẹ àti àkókò tí a fẹ́ jẹ ẹ́, ó wá mú ẹrù náà fúyẹ́ fún wa. Ẹ̀rọ tó dára kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ohun tí ènìyàn ti pinnu ló ń bá a ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ìwé kíkà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan wà ní Ítálì, Francesco Cirillo lorúkọ rẹ̀. Ó ń jókòó ti ìwé, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Ló bá bá ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ pé bóyá òun lè kàwé fún ìṣẹ́jú 10 péré láìṣe nǹkan mìíràn. Ó mú aago kékeré tí wọ́n fi ń ṣọ́ oúnjẹ lórí iná, èyí tí wọ́n ṣe bíi tòmátì, ó yí i, ó sì dojú kọ ìwé. Kò borí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rí i ṣe. Nígbà tó yá, ètò náà fẹsẹ̀ múlẹ̀: ìṣẹ́jú 25 fún ìwé, ìṣẹ́jú 5 fún ìsinmi, bó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, á sinmi fún àkókò tó pọ̀ ju ìyẹn lọ. Pomodoro ni wọ́n ń pe ètò náà káàkiri ayé lónìí. Aago ilé ìdáná yẹn kò ní ọgbọ́n kankan nínú. Kò mọ̀ bóyá ọmọ náà ń kàwé ni tàbí ó ń wo àjà. Àdéhùn tí Cirillo bá ara rẹ̀ ṣe ló ṣiṣẹ́, ẹlẹ́rìí lásán ni aago.

Ẹ má wí fún mi pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ le jù fún yín. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní agbègbè wa, ìgbà márùn-ún lóòjọ́ ni ladáànì sì ń pè wá, láti àsùbáà títí dé iṣáì. Bí Ramadan bá dé, ọmọ tí kì í jí títí oòrùn fi yọ á dìde lóru jẹ sààrì. Á wà láìjẹ láìmu títí di ìrọ̀lẹ́, kò sì ní ṣínu kí àkókò tó tó. Ọmọ tí kò tíì wọ líísè pàápàá ń gbìyànjú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì náà mọ àwẹ̀ Lẹ́ǹtì. Kí ló wá dé tí ìlànà fi ń bọ́ lọ́wọ́ yín bí ẹ bá ti dé yàrá tí ẹ háyà ní Lomé? Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Nílé, gbogbo agboolé ló ń jí pọ̀, tí wọ́n ń jẹ pọ̀, ojú sì ń ti ẹni tó bá fẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́. Ní ìgboro, ìwọ nìkan ni, pẹ̀lú fóònù rẹ.

Nítorí náà, ẹ wá ara yín rí. Kí ọmọ ìlú mẹ́ta tàbí mẹ́rin fohùn ṣọ̀kan lórí wákàtí tí wọn yóò jọ kàwé àti wákàtí tí wọn yóò jọ jẹun. Kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Tí ìwé bá bẹ̀rẹ̀, kí fóònù gbogbo yín wà nínú yàrá kejì tàbí nínú àpótí. Ẹ má sì dúró de ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ní ti oúnjẹ, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọpọlọ ènìyàn kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀, síbẹ̀ ó ń ná tó ìdá 20 nínú agbára tí ara ń lò. Ẹni tó fi kọfí àti búrẹ́dì gbéra láàárọ̀, tí kò jẹ nǹkan mìíràn títí ilẹ̀ fi ṣú, ọpọlọ rẹ̀ ló ń fi ebi pa. Oúnjẹ gidi kò wọ́n jù. Ayimolou tí wọ́n ń tà láàárọ̀, ìrẹsì àti ẹ̀wà ni. Gàrí tí ìyá yín fi ránṣẹ́, ẹ fi ẹ̀pà sí i. Iṣu tó ti oko wá, ẹ sè é kó tó hù, kí ẹ sì wá wàgàsì díẹ̀ kún un. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má jókòó ti ìwé kí àbúrò yín obìnrin máa dáná fún yín. Òun náà ní ìdánwò tirẹ̀. Ẹ pín iṣẹ́ ìdáná dọ́gba.

Iṣu àti kajú tí bàbá yín tà ló di owó ilé tí ẹ ń san. Ẹ má fi ṣòfò. Ẹ pa wákàtí yín mọ́ fún odindi sáà ẹ̀kọ́ kan ná, kí ẹ wá rí ibi tó ti ń ṣòro gan-an, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ yín yóò ti wúlò. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe é. Ẹ jẹ́ kó lo bátìrì, kí owó rẹ̀ má ju agbára ọmọ àgbẹ̀ lọ, kí ẹ sì gbé e wá sílé fún àwọn àbúrò yín tó ń múra ìdánwò BAC. A ó fi ayọ̀ gbà á lọ́wọ́ yín.