Bí A Ṣe Ń Fi Ìwé Wá Àwọn Tó Bí Bàbá Ńlá Wa

Ẹ ti lè ka lẹ́tà. Ẹ ti lè ka ìwé owó orí. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó fi ìwé kíkà wá àwọn ará ilé wa tó ti kú: àwọn tó bí bàbá ńlá wa, àti àwọn tí òun àti wọn jọ mu ọmú kan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Bí a bá fẹ́ pín ogún olóògbé ní ìdí-igi, iye ìyàwó tó bímọ fún un la ń kà, kì í ṣe iye ọmọ. Bí ìyá bá jẹ́ mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta ni a ó pín in sí. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò bá wá mọ ìyá tó bí bàbá àgbà, ìjà ti dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìgbéyàwó. Ọmọkùnrin kan lè lọ tọrọ ọmọbìnrin tó jẹ́ pé ìyá kan náà ló bí àwọn bàbá àgbà wọn méjèèjì, kí ó má sì mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àgbà ilé. Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsùlù lọ́wọ́. Nígbà tí ìyá àgbà bá ní, “Lágbájá, àbúrò bàbá rẹ ni,” ẹ má tíì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ìyá kan náà ló bí wọn ni, àbí ọbàkan ni wọ́n?” Nílé wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá náà là ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Akọ̀wé tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé kì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń pe arákùnrin kò tilẹ̀ sọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti ẹni tó jẹ́ àbúrò.

Ẹ wo orúkọ pàápàá dáadáa, nítorí ìwé ni orúkọ Yorùbá. Bí bàbá ńlá yín bá ń jẹ́ Ìdòwú, ẹ ti rí ọmọ ìyá rẹ̀ méjì: ìbejì ni ìyá rẹ̀ bí kí ó tó bí i. Bí ó bá ń jẹ́ Àlàbá, ó di mẹ́ta: Táíwò, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú ti ṣáájú rẹ̀. Bí ó bá ń jẹ́ Málọmọ́ tàbí Kòkúmọ́, àwọn kan ti wá ṣáájú rẹ̀ tí wọ́n kú ní kékeré. Ẹ kò ní rí àwọn wọ̀nyí nínú ìwé owó orí. Babátúndé sọ fún wa pé bàbá àgbà ti kú kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Ṣùgbọ́n Ìgè àti Ajàyí kò sọ nǹkan kan nípa ọmọ ìyá wọn. Bí wọ́n ṣe jáde láti inú ìyá ni wọ́n ń sọ. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ló ń fi Ìdòwú jẹ́ orúkọ ìdílé. Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ nìkan ló tẹ̀ lé ìbejì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹnì kan tí gbogbo wa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ: Samuel Ajàyí Crowther, ẹni tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ká ní ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni wá, tí a sì ń wá ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Níbo ni a ó gbà?

Ẹ má gba ọ̀nà Crowther. Orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan ni, wọ́n fi sọ ọ́ nígbà tó ṣe ìrìbọmi ní Sàró ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, 1825. Ẹni tó bá ń wá bàbá rẹ̀ lábẹ́ Crowther yóò dé ìlú Òyìnbó, kò ní dé Ọ̀ṣoògùn láé. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọ̀pọ̀ ìdílé Sàró àti Àgùdà ní Èkó. Ajàyí ni kí ẹ mú, kí ẹ sì mọ̀ pé “Adjai” ni wọ́n ń kọ ọ́ nínú àwọn ìwé àtijọ́.

Ajàyí fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà kan ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì, 1837. Ibẹ̀ ló ti sọ bí ogun ṣe kó Ọ̀ṣoògùn, ìlú wọn, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1821. Ó ka àwọn tí wọ́n kó pẹ̀lú rẹ̀: ìyá rẹ̀, arábìnrin rẹ̀ méjì, àti ọmọ ìbátan wọn kan. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin náà jẹ́ ọmọ ọwọ́, nǹkan bí ọmọ oṣù mẹ́wàá. Ẹ ṣírò ó. Ẹ yọ oṣù mẹ́wàá kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ 1821, ó kù 1820. Kò sí ìwé ìbí fún ọmọ náà, síbẹ̀ a ti rí ọdún tí wọ́n bí i.

Ìwé kejì ni ìwé tó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ, 1846, ìyá rẹ̀ wá bá a ní Abẹ́òkúta. Ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọn kò ti fojú kan ara wọn. Ó kọ ọ́ pé àwọn di ara àwọn mú, àwọn kò lè sọ̀rọ̀, omijé sì ń ṣàn lójú ìyá òun. Lẹ́yìn náà ni ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà máa ń pè é ní kékeré pè é. Ó fi kún un pé ìyá àgbà náà ti kú sí oko ẹrú. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣe mú ìran mìíràn wọlé! Afala ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́. Ní 1848 ó ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Ẹni tó bá ń wá Afala nìkan nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì lè ka orúkọ rẹ̀ kọjá.

Gbogbo wa kọ́ ni bàbá ńlá wa kọ lẹ́tà. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú òkun tí wọ́n kó dé Sàró, akọ̀wé kọ orúkọ wọn sínú ìwé ńlá, pẹ̀lú ọjọ́ orí, gíga àti àmì ara wọn. Bí wọ́n bá kọlà, ó lè kọ ilà náà. Kò béèrè bàbá, kò béèrè ìyá. Bí etí Òyìnbó sì ṣe gbọ́ orúkọ ló ṣe kọ ọ́, nítorí náà kíkà sókè ló yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti kó àwọn orúkọ wọ̀nyí sórí íntánẹ́ẹ̀tì lóde òní, wọ́n sì bẹ àwọn tó gbọ́ èdè Áfíríkà pé kí wọ́n fetí sí wọn, kí wọ́n sọ èdè tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti wá. Etí yín náà tó bẹ́ẹ̀.

Nílé níhìn-ín, ẹ béèrè ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó lọ́wọ́ àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá yín ń lọ. Ẹ má wo orúkọ rẹ̀ nìkan. Ẹ ka ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú àti mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, kí ẹ wá ọmọ mìíràn tí òbí rẹ̀ jẹ́ orúkọ kan náà. Èmi ka èyí sí iṣẹ́ tó lérè jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ ń fa oorun. Ní Èkó, láti 1863 ni ìjọba ti ń kọ ìbí àti ikú sílẹ̀. Ní Ìbàdàn, ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí wà nínú ọgbà Yunifásítì; ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀ àti ti C.M.S. wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá dé irú ibẹ̀, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹ má fi itọ́ ṣí ewé. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi ṣe àdàkọ, kí yíǹkì má bàa kán sórí ìwé. Bí akọ̀wé bá ṣi orúkọ kọ, ẹ kọ ọ́ bó ṣe kọ ọ́ gan-an, kí ẹ wá kọ èyí tí ẹ mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ìwé náà, ọdún rẹ̀ àti ojú ewé tí ẹ ti rí i, kí ọmọ yín lè tún un rí.