Fi Ọwọ́ Òfo Gba Ọ̀nà Oko

Àbúrò mi, súnmọ́ mi kí n bá ọ sọ ọ̀rọ̀ kan. Máa rìn láràárọ̀, ṣùgbọ́n má ru nǹkan kan. Mo mọ̀ pé o máa ní àwa obìnrin ìlú Kìṣí ń rìn tó, a ń lọ oko, a ń lọ ọjà. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹrù ń bẹ lórí wa nígbà náà, ọkàn wa sì ti ṣáájú ẹsẹ̀ wa débẹ̀. Èyí tí mò ń wí yìí, tìrẹ nìkan ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó tó ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀ kan. Ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún ti pé e. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ibo lò ń lọ, ní ò ń na ẹsẹ̀ ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, ó á sì sú wọn.

Mú ọ̀nà oko kan, kí o má ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Ojú ọjọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò máa pààrọ̀ rẹ̀ fún ọ.

Nígbà ọyẹ́, láti Oṣù Kejìlá wọ Oṣù Kejì, má tètè jáde. Eruku aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ yẹn. Jẹ́ kí oòrùn yọ díẹ̀, kí o sì fi ìborùn bo imú. Bí o bá ní ikọ́ fée, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ bá jẹ́ SS, dúró dìgbà tí ara ilẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí òtútù yẹn lè gbé àìsàn dìde. Fi òrí pa gìgísẹ̀ lálẹ́, wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e. Èmi ò tíì rí ìpara olówó ńlá tó ń ṣe bíi tirẹ̀. Iná ti jó ìgbẹ́ nígbà yẹn, gbogbo ilẹ̀ dúdú, igi irúgbá á sì wọ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀, á yọ òdòdó. Dúró wò ó dáadáa: ó pupa, ó rí rógódó, ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ rọ̀ sílẹ̀. Àdán ló ń wá lá oje rẹ̀ lóru. Bí o bá débẹ̀ láàárọ̀, wàá bá oyin lórí ìyókù.

Láti bí Oṣù Karùn-ún sí Oṣù Keje, èso igi èmi, ìyẹn igi òrí, á pọ́n. Mú ọ̀kan tó já bọ́ lóru, fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Èèpo rẹ̀ lè tútù síbẹ̀, bó bá ti rọ̀, jẹ ẹ́. Èyí tó wà nínú oko olóko kì í ṣe tìrẹ. Àwọn obìnrin tó ń ṣà á fún òrí ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ, kí wọn kú iṣẹ́. Nǹkan bí ọdún 15 sí 20 ni igi èmi ń lò kó tó so, ó sì ń dùn mí dọ́kàn nígbà tí mo bá rí kùkùté rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e fún èédú. Bí ará ilé yín bá ń gé e, jọ̀ọ́, bá a sọ̀rọ̀.

Bí òjò bá ti rinlẹ̀, koríko bẹẹrẹ á ga ju èèyàn lọ, ìrì á sì rin ọ́ dé orúnkún. Wọ ṣòkòtò àti bàtà tó bo ọmọ ìka, mú ọ̀pá dání, kí o rìn láàárín ọ̀nà. Paramọ́lẹ̀ kì í sá fún èèyàn, ó máa ń dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ ni. Bó bá buni jẹ, ọsíbítù ni kíá: má sín gbẹ́rẹ́ sí i, má fi okùn dè é pinpin. Bí ọ̀run bá sì ṣú níhà ìlà oòrùn, yí padà.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, má dá lọ. Sọ ọ̀nà tí o gbà fún ará ilé, dúró kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, má kọjá oko tó gbẹ̀yìn. Igbó Old Oyo National Park kò jìnnà sí wa, a kì í sì í wọ ibẹ̀ láìgba àṣẹ. Bí o kò bá rí ẹni bá ọ rìn, wá kan ilẹ̀kùn mi bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán.