Oògùn Ẹ̀fọ́rí àti Ẹ̀dọ̀ Ènìyàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní oògùn tí a kò bá fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ohun tí àwọn àgbà ń wí ni pé ènìyàn kì í ka ohun tí kò ná an lówó sí. Bí ọ̀rọ̀ parasítámọ́ ṣe rí láàrin wa nìyẹn, àfi pé òun kò gbé ẹ̀yìn ààrò. Inú àpò ṣòkòtò ni ó ń gbé, inú báàgì, orí tábìlì ìkàwé, abẹ́ ìrọ̀rí. Bí ẹnì kan bá ké pé "orí ń fọ́ mi" nínú ilé akẹ́kọ̀ọ́, hóró méjì yóò ti ti yàrá kejì dé kí ó tó pa ẹnu rẹ̀ dé. Kò sí ẹni tí yóò béèrè iye tí onítọ̀hún ti gbé mì láàárọ̀. Ìbéèrè yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé bá mi gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ẹ̀dọ̀ ń ka iye náà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kà á.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ni ó wà, ó sì wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù kan ààbọ̀ nínú àgbàlagbà. Àwọn alápatà mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé òróòro lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́, àti pé bí ọwọ́ kò bá rọra, òróòro yóò bẹ́, yóò sì ba ẹran jẹ́. Ó jọ pé láti ibẹ̀ ni a ti rí àkànlò èdè tí a fi ń bẹ ẹni tí inú ń bí pé kí ó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro. Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ pọ̀. Òun ni ó ń ṣe òróòro, òun ni ó ń tọ́jú ṣúgà ara pamọ́, òun náà ni ó ń pèsè ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí a bá fara pa. Èyí tí ó kàn wá níhìn-ín ni pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn tí a bá gbé mì, ẹ̀dọ̀ ni ó ń kọ́kọ́ bá pàdé kí ó tó kárí ara.

Parasítámọ́ kì í ṣe ọmọ àná. Ní 1878 ni Harmon Northrop Morse, ará Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ ṣe é jáde. Ní 1893, Joseph von Mering dán an wò lára àwọn aláìsàn ní Jámánì, ṣùgbọ́n wọ́n pa á tì nítorí phenacetin, ìbátan rẹ̀, tí ọkàn wọn fà sí jù. Àwọn òbí wa àgbà yóò rántí oògùn kan tí ń jẹ́ APC (kì í ṣe ti àwọn olóṣèlú). Phenacetin ni "P" àárín yẹn dúró fún. Ìgbà tí ó di nǹkan bí 1948 ni Bernard Brodie àti Julius Axelrod ní New York fi hàn pé ara ènìyàn ń sọ irú àwọn oògùn àtijọ́ bẹ́ẹ̀ di parasítámọ́, àti pé parasítámọ́ yìí ni ó ń pa ìrora. Láti ìgbà náà ni ó ti gbajúmọ̀. Ní 1955 ó dé ọjà Amẹ́ríkà pẹ̀lú orúkọ Tylenol. Ní 1956 ó dé ọjà Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú orúkọ Panadol, èyí tí a fi ń pè é ní ilé wa títí di òní olónìí. Fún ọdún mẹ́wàá, kò sí ẹni tí ó fura. Ní 1966 ni Davidson àti Eastham kọ ìròyìn láti Edinburgh nípa àwọn aláìsàn méjì tí wọ́n lo àlòjù parasítámọ́, tí ẹ̀dọ̀ wọn sì bàjẹ́ títí wọ́n fi kú.

Ní 1973 ni Jerry Mitchell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bethesda, ní Amẹ́ríkà, tú àṣírí ọ̀ràn náà. Ohun tí wọ́n rí yani lẹ́nu. Parasítámọ́ fúnra rẹ̀ kọ́ ni májèlé. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ apá kan nínú rẹ̀ di májèlé. Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí hóró méjì bá dé ẹ̀dọ̀, púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ yóò so mọ́ èròjà mìíràn tí kò fi ní lè ṣe ibi kankan mọ́, kídìnrín yóò sì gbé e jáde pẹ̀lú ìtọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀, tí kì í sábà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, a máa gba ọ̀nà mìíràn, a sì di ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní NAPQI. Májèlé ni èyí. Bí ó bá kan ẹran ara ẹ̀dọ̀, yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì pa á.

Ìdí tí kò fi ń pa wá lójoojúmọ́ ni pé ẹ̀dọ̀ ní èròjà kan tí ń jẹ́ glutathione. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ọlọ́dẹ. Ibikíbi tí NAPQI bá ti yọjú ni ọlọ́dẹ yìí ti ń gbá a mú, tí àwọn méjèèjì yóò sì jọ jáde kúrò nínú ara. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n jọ ń jáde ni. Ọlọ́dẹ kan, májèlé kan. Èyí tí ó bá lọ kò padà mọ́. Ẹ̀dọ̀ ní láti ṣe òmíràn, inú oúnjẹ bí ẹyin, ẹja, ẹran àti ẹ̀wà ni ó sì ti ń rí ohun tí yóò fi ṣe é. Bí hóró oògùn bá wá pọ̀ jù, ọ̀nà tí kò léwu yóò kún, èyí tí ń di májèlé yóò pọ̀ sí i, ọlọ́dẹ yóò sì máa dín kù. Nínú àwọn ẹranko tí Mitchell fi ṣe ìdánwò, nígbà tí ìdá méje nínú mẹ́wàá àwọn ọlọ́dẹ bá ti lọ ni ìparun ẹ̀dọ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ó rí i nígbà náà pé hóró kan náà kò ní ṣe bákan náà lára ènìyàn méjì. Ẹni tí ebi ń pa, ẹni tí àìsàn ti mú gbẹ, ọlọ́dẹ tirẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ ní wàhálà ọ̀nà méjì: ọtí ń dín ọlọ́dẹ kù, ó sì tún ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára ṣe NAPQI sí i. Ògógóró ni, páragà ni, agbo tí a fi ọtí rẹ ni, ẹ̀dọ̀ kò mọ ìyàtọ̀.

Iye wo ni ó yẹ kí a lò? Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tí ó sì sanra níwọ̀n, lè lo hóró méjì onímílígíráàmù 500 lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì dúró fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán kí ó tó lo òmíràn. Láàrin wákàtí 24, kò gbọdọ̀ kọjá hóró 8, èyí tí í ṣe gíráàmù 4. Ẹni tí ó rù gan-an, arúgbó tí ara rẹ̀ kò le, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ó ti ní àrùn ẹ̀dọ̀ tẹ́lẹ̀ gbọdọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà, nítorí tiwọn sábà máa ń kéré sí èyí.

Ẹ lè wí pé, "Ta ni yóò gbé hóró mẹ́sàn-án mì lóòjọ́?" Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Ká ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni, ibà sì mú akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ó lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n di oògùn fún un sínú ọ̀rá kéékèèké, funfun, pupa, aláwọ̀ ìyeyè, láìkọ orúkọ ọ̀kankan sí i: ọ̀rá kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lálẹ́. Méjì nínú hóró inú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ parasítámọ́. Mẹ́fà nìyẹn. Ọ̀fìnkìn ń dà á láàmú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un ní oògùn ọ̀fìnkìn. Parasítámọ́ wà nínú òun náà, ó sì lo méjì lẹ́ẹ̀mejì. Ó di mẹ́wàá. Ní òru, ó gbé méjì mì nínú tirẹ̀ kí ó lè kàwé. Nígbà tí àkùkọ ń kọ, ó tún gbé méjì. Hóró mẹ́rìnlá, gíráàmù 7, kò sì sí ìgbà kankan tí ó rò pé òun ṣe àṣejù. Gaàrí nìkan ni ó sì mu lọ́jọ́ náà. Irú àṣìlò báyìí, tí ẹni tí ó ṣe é kò mọ̀ọ́mọ̀, kì í ṣe àbá lásán. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí parasítámọ́ ti jẹ́ olórí ohun tí ń mú kí ẹ̀dọ̀ ènìyàn dédé dáṣẹ́ sílẹ̀, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005 fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ tí wọn kò ní i lọ́kàn láti lò ó ju bí ó ti yẹ lọ.

Ìdẹkùn mìíràn tún wà tí ó kan àwọn ìdílé wa tí wọ́n ní ọmọ ní òkè òkun. Ohun tí a ń pè ní parasítámọ́ níhìn-ín àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "acetaminophen" ni wọ́n ń kọ sí ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Inú orúkọ gígùn kan ṣoṣo tí àwọn oníkẹ́mísìrì fún un ni wọ́n ti gé orúkọ méjèèjì jáde. Ọmọ fi ìgò Tylenol ńlá ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nítorí orúnkún tí ń dùn ún. Nínú irú èyí tí wọ́n ṣe fún oríkèé ríro, hóró kan jẹ́ mílígíráàmù 650. Ìyá ń lo ti orúnkún láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì tún ń lo Panadol rẹ̀ bí orí bá ń fọ́ ọ. Ó gbà pé oògùn méjì ni. Ẹ̀dọ̀ mọ̀ pé ọ̀kan ni.

Ohun tí ó burú jù ni pé ìpalára yìí kì í pariwo. Ní ọjọ́ kìíní, ẹni tí ó lo àlòjù lè bì díẹ̀, oúnjẹ lè má wù ú jẹ, tàbí kí nǹkan kan má ṣe é rárá. Ní ọjọ́ kejì, èébì tilẹ̀ lè dá, kí àwọn ará ilé sì máa dúpẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀dọ̀ ń bàjẹ́ lọ, tí abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í dun aláìsàn. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ni ojú yóò pọ́n bí ìbẹ́pẹ tí ó ń pọ́n lọ, tí ìtọ̀ náà yóò sì ṣókùnkùn. Ọ̀rọ̀ tí a ní fún èyí, pọ́njú-pọ́ntọ̀, kò fi ohunkóhun sílẹ̀. Àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ wo aláìsàn dáadáa. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí kan náà lè ṣini lọ́nà, nítorí pé ibà ni ilé yóò pè é, wọn yóò sì sáré wá agbo ibà àti parasítámọ́ sí i. Bí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kátikàti, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn tí kò dá, ọ̀ràn ti le gan-an.

Aporó rẹ̀ wà. N-acetylcysteine ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti fún ẹ̀dọ̀ ní ohun tí yóò fi ṣe ọlọ́dẹ tuntun. L. F. Prescott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edinburgh ni wọ́n fi hàn ní 1977 pé bí a bá fà á sínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ó ń gba ẹ̀dọ̀ là. Bí ó bá wọlé láàrin wákàtí mẹ́jọ, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ̀dọ̀ bàjẹ́ gidigidi; lẹ́yìn ìyẹn, agbára rẹ̀ ń dín kù, bí ó tilẹ̀ ṣì wúlò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti lo àlòjù, yálà ó ṣèèṣì ni tàbí ìbànújẹ́ ni ó sún un dé ibẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá ni kí a gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pẹ̀lú páálí oògùn náà, kí a má dúró wo bí yóò ti rí. Epo pupa kì í ṣe aporó rẹ̀. Wàrà kì í ṣe aporó rẹ̀.

Àwọn oògùn yòókù ńkọ́? Ibuprofen kì í sábà ṣe ẹ̀dọ̀ ní nǹkan. Ikùn àti kídìnrín ni ó ń yọ lẹ́nu jù. Diclofenac a máa ba ẹ̀dọ̀ àwọn ènìyàn díẹ̀ jẹ́ láìsí pé wọ́n lò ó ju iye lọ. Ní ti ásípírìn, R. D. K. Reye ní Ọsirélíà ṣàpèjúwe àìsàn kan ní 1963, tí ń mú ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ ọmọdé lẹ́yìn tí ara wọn bá ti ń yá lọ́wọ́ ọ̀fìnkìn tàbí irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ásípírìn lọ́wọ́ nínú rẹ̀, wọ́n kìlọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ní 1986 pé kí a má ṣe fún ọmọdé mọ́. Nítorí náà n kò wí pé kí ẹ da parasítámọ́ nù. Ẹni tí kò bá kọjá iye rẹ̀, ó rọ ikùn rẹ̀ lọ́rùn ju àwọn wọ̀nyí lọ. Ti àwọn tí ń dà á sínú ìkòkò kí ẹran lè tètè rọ̀ ni kò yé mi. NAFDAC ti kìlọ̀ fún wọn.

Fún àwọn tí ó ní àbúrò kékeré nílé, oríṣi olómi méjì ni ó wà. Èyí tí a ń fi ṣíbí bù sábà máa ń ní mílígíráàmù 120 nínú mílílítà 5. Èyí tí a ń kán sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu lè ní 100 nínú mílílítà kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá fi ṣíbí ti àkọ́kọ́ bu ti ìkejì ti fún ọmọ ní 500, ó ju ìlọ́po mẹ́rin lọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1998 ni òfin ti dín iye hóró tí páálí kan lè ní kù: 16 ní ṣọ́ọ̀bù lásán, 32 lọ́dọ̀ apòògùn. Ní tiwa, ẹni tí ń ta bisikíìtì ní ìsàlẹ̀ ilé akẹ́kọ̀ọ́ ń tà á, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìkìlọ̀ ara rẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá ni iṣẹ́ ìtumọ̀ yẹn kàn, kò sì rọrùn tó bí ó ṣe jọ lójú. Bí kẹ́míìsì bá wí pé "méjì méjì, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́", ẹni tí ó gbọ́ ọ ń ka láti ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ títí di ìgbà tí ó sùn. Méjì tí ó jí gbé mì ní aago méjì òru kò sí nínú ìṣirò náà, nítorí òru kì í ṣe ojúmọ́. "Má ṣe lò ju hóró mẹ́jọ lọ, tọ̀sán-tòru, pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú oògùn mìíràn" ni mo rò pé ó sún mọ́ ọn jù.