Owó Orí àti Ààrò Àwọn Ìyá Wa

Ẹni tí ó bá tètè jí ní Ìdọ̀fin yóò rí èéfín tí ń gba abẹ́ páànù ilé ìdáná jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Àwọn ìyá wa ti wà nídìí ààrò, wọ́n ń fẹ́ iná, wọ́n sì ń nu omijé. Òkúta mẹ́ta ni ìkòkò jókòó lé. Nítorí náà, púpọ̀ nínú ooru igi náà kì í dé ìdí ìkòkò rárá, ẹ̀gbẹ́ ni ó ń gbà lọ. Bí a bá fi amọ̀ mọ ògiri yí iná náà ká, tí a sì fi ojú kan ṣoṣo sílẹ̀ fún igi, igi díẹ̀ ni yóò se oúnjẹ kan náà. Sítóòfù gáàsì tún sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kì í rú èéfín bí igi. Èéfín yìí kì í ṣe ohun àfiṣeré: Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé fa ikú ènìyàn tí ó tó 3,200,000 ní gbogbo ayé.

Kí ni owó orí wá ní í ṣe pẹ̀lú ààrò? Láyé àtijọ́, oníbodè ni ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ní ẹnu ibodè ìlú. Lẹ́yìn náà ni àwọn òyìnbó gbé owó orí dé. Lónìí, owó orí wà lórí ọjà pẹ̀lú. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ gbé e láti náírà 5 lórí 100 sí náírà 7 àti kọ́bọ̀ 50. Ẹni tí ó ra ọjà ni ó ń san án, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Ìjọba tí ó bá fẹ́ fa àwọn ènìyàn sí ohun kan lè mú owó náà kúrò lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí ìjọba kéde pé kí a má gba owó orí ọjà lórí gáàsì ìdáná àti ohun èlò ìdáná tí kì í ba afẹ́fẹ́ jẹ́.

Àwọn òyìnbó pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2022 ni ìjọba Bìrìtìkó ti mú owó orí ọjà kúrò lórí ohun tí ń mú kí ooru dúró nínú ilé. Ọdún márùn-ún ni wọ́n dá fún un. Ní Amẹ́ríkà, títí di ìparí ọdún 2025, onílé tí ó bá fi fèrèsé tí ó dára sí ilé rẹ̀ lè yọ díẹ̀ nínú owó náà kúrò nínú owó orí rẹ̀. Ẹni tí kò jẹ ìjọba ní owó orí kò rí nǹkan kan yọ.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ pé sítóòfù àti sílíńdà gáàsì kan jẹ́ náírà 40,000. Owó orí tí à bá fi lé e jẹ́ náírà 3,000. Inú ẹni tí ó ní 40,000 lọ́wọ́ yóò dùn sí ìdáríjì yìí. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú ẹrù igi lórí kò fi kọ́bọ̀ kan ra igi náà, kò sì san owó orí lé e. Kí ni ìjọba yóò wá dárí rẹ̀ jì í? 40,000 ni ìṣòro tirẹ̀, kì í ṣe 3,000.

Ní tèmi, èésú ni ó lè ràn án lọ́wọ́. Bí àwọn obìnrin mẹ́wàá bá ń dá náírà 4,000 lóṣooṣù, ẹnì kan yóò máa ra sítóòfù lóṣù kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni pé gáàsì a máa tán, a sì gbọ́dọ̀ tún un rà. Ẹni tí yóò kó kẹ́yìn yóò sì dúró fún oṣù mẹ́wàá. Kí ó fi amọ̀ yí ààrò rẹ̀ ká títí yóò fi kàn án. Ẹni tí ó ní ọmọ ọwọ́ ni kí wọ́n jẹ́ kí ó kọ́kọ́ kó.