Ìyàwó Rẹ Kò Jowú, Ìjókòó Ni Kò Tó

Ẹ̀gbọ́n wa,

Èsìẹ́ ni mò ń gbé, Òmù-Àrán ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àárọ̀ ni mo ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bọ̀, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Corolla ọdún 2003 ni mò ń wà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London fẹ́ ra ọkọ̀ mìíràn, ó sì ní òun á fún mi ní èyí tí òun ń lò lọ́fẹ̀ẹ́. Mazda MX-5 ọdún 2008 ni, pupa fòò, ìjókòó méjì péré, èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí. Owó ọkọ̀ ojú omi àti owó Kọ́sítọ́ọ̀mù nìkan ni màá san. Mo fẹ́ ta Corolla kí n fi owó rẹ̀ gbé e wọlé, kí n sì máa fi ṣe ìrìn ojoojúmọ́. Epo rẹ̀ náà á dín ìnáwó kù. Láti kékeré ni irú ọkọ̀ yìí ti wù mí. Ìyàwó mi kọ̀ jálẹ̀. Mo rò pé owú ló ń jẹ ẹ́, pé kí àwọn ọmọge má baà máa wò mí. Ọmọ kan la ní, ọmọ ọdún mẹ́rin. Màmá mi náà ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

— Ọmọ Èsìẹ́

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo tó rí i pé gbólóhùn kan ṣoṣo lo fi dárúkọ màmá, ìsàlẹ̀ pátápátá lo sì fi í sí, bí ẹni tó dé ilé kó tó rántí ẹrù tó fi sílẹ̀ ní gáréèjì. A óò padà síbẹ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ọkọ̀ náà, torí èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ.

Nígbà tí Mazda gbé MX-5 jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Chicago lọ́dún 1989, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lójú títì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tiwọn ń jò, ó sì ń dáni dúró lọ́nà. MG, ọ̀kan nínú wọn, ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Abingdon pa láti 1980. Ará Japan wá ṣe èyí tó fúyẹ́, tó rọrùn láti tún ṣe, tó sì máa ń ṣáná láàárọ̀. Ní 2016, iye tí wọ́n ti ṣe pé mílíọ̀nù kan. Ọkọ̀ tó dára ni. Ẹni tó bá ní kò dára, kò tíì wà á rí.

Èmi ti jókòó sínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìlọrin ní ọ̀kan, èyí tó ti Amẹ́ríkà wá. Nínú oṣù kìíní ọdún kan, tí ọyẹ́ mú gan-an, ó ní kí n bá òun lọ síbi ìsìnkú kan ní Òmù-Àrán. Ní Gànmọ̀ la ti ṣí òrùlé. Títí a fi kọjá Àmọ́yọ̀, inú mi ń dùn ṣìnkìn bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ gbé sí èjìká. A kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo tán ni tírélà sìmẹ́ńtì kan tó ń bọ̀ láti ìhà Ọ̀bàjánà pàdé wa. Mo gbójú sókè kí n rí awakọ̀ rẹ̀, òkè táyà ni mo rí. Ibẹ̀ gan-an ni orí mi ga mọ. Eruku tó tẹ̀lé e kò kọjá lọ o, inú ọkọ̀ ló sọ̀ sí. Ìgbà tá a dé ibi ìsìnkú, agbádá funfun mi ti di àwọ̀ amọ̀, ìpéǹpéjú mi pọ́n. Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ oko o."

Ọ̀sán gangan kò sì dára ju eruku lọ. Oòrùn ilẹ̀ wa kì í ṣe ti London tí wọ́n ń wá kiri. Ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ yìí níbí, ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń ṣí òrùlé rẹ̀; ìyókù ọjọ́, á dé e pa, á tan éè-sí, á wá jókòó sínú Corolla tó kéré.

Nísinsìnyí, ohun tó pa ọ̀rọ̀ èyí tí wọ́n fẹ́ fún ọ nìyí. Ọkọ̀ London ni. Apá ọ̀tún ni sitíárìn rẹ̀ wà. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún, òfin ìrìnnà kò sì fàyè gba ọkọ̀ tí sitíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún lójú pópó wa. Ká tiẹ̀ fi òfin sílẹ̀. Fojú inú wò ó: o wà lẹ́yìn tírélà láàárín Òró àti Òmù-Àrán, o fẹ́ yà á sílẹ̀. Ìwọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko, ọkọ̀ rẹ kò ga. Kí o tó lè rí ohun tó ń bọ̀ níwájú, ìdajì ọkọ̀ ti gbọ́dọ̀ bọ́ sójú ọ̀nà ẹlòmíràn. Ta ni yóò máa bá ọ wòta? Ìyàwó tí o ní ó ń jowú ni?

Àwọn kan á sọ fún ọ pé wọ́n lè gbé sitíárìn náà kọjá sí apá òsì. Wọ́n ń ṣe é lóòótọ́. Wọ́n á tú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á tú bírékì, wọ́n á já wáyà, wọ́n á so ó padà. Lára ọkọ̀ akérò àtijọ́, ó lè gbà. Ṣùgbọ́n èyí ní àpò afẹ́fẹ́ tó ń fò yọ nígbà ìjàǹbá, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà. Èmi kò ní wọ ọkọ̀ tí wọ́n tú báyẹn.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé o lè gbà á wọlé láti Kùtọnu. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé. Etíkun nìkan ló kù, ibẹ̀ náà wọ́n á bi ọ́ ní ọjọ́ orí ọkọ̀, ọdún 2008 kì í sì í ṣe àná.

Ká wá ní sitíárìn kì í ṣe wàhálà, ká ní òsì ló wà. Ọ̀nà ńkọ́? Ìtàn ní ogbó, àdá tí Odùduwà fi lé Ọ̀ràngún lọ́wọ́, ló mọ ọ̀nà tí àwọn baba wa tọ̀, ìyẹn ni àwọn àgbà fi ní Ogbó-mọ̀nà ló di Ìgbómìnà. Mazda kò mọ̀nà. Abẹ́ rẹ̀ kò ga tó ìdajì ẹsẹ̀ bàtà sílẹ̀, gbogbo ìlú tó wà lọ́nà ibi iṣẹ́ rẹ ló sì ní búmpù tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú fúnra wọn dà, tí kò sẹ́ni tó wọn gíga rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo sọ yẹn, ọ̀rẹ́ mi ń gun búmpù níkọ̀ọ́kọ̀ọ́, táyà kan ṣáájú, èkejì tẹ̀lé e, síbẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ ń ha kìrìrì, òun náà ń di ojú bí ẹni tí wọ́n ń fá lórí láìfi omi sí i. Àwọn ère òkúta tó wà ní ilé mùsíọ́ọ̀mù yín ní Èsìẹ́, tí wọ́n ṣí ní 1945, tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jókòó lórí àpótí láìmira láti ayébáyé. Àwọn nìkan ni mo mọ̀ tó lè bá ọ jókòó sínú ọkọ̀ yẹn dé Ìlọrin tí ìdí kò ní ro wọ́n.

Táyà ńkọ́? MX-5 ti ọdún tí o dárúkọ yẹn, kò sí súpíà táyà nínú rẹ̀. Ike gọ́ọ̀mù kan àti pọ́ǹpù kékeré ni wọ́n fi sí i. Gọ́ọ̀mù yẹn lè dí ihò ìṣó. Kò lè dí táyà tí kòtò fà ya. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ọ láago mẹ́jọ alẹ́, fọkanáísà tó wà nítòsí ti sùn, ìwọ̀n táyà náà kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá tiẹ̀ jí.

O kò sọ bóyá aṣọ ni òrùlé rẹ̀ tàbí èyí tó le. Méjèèjì ló wà ní 2008. Èyí tó le, mọ́tò iná ló ń gbé e wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjìlá. Ó dùn ún wò. Ọjọ́ tó bá há sí àgbede méjì, rẹ́wáyà tó mọ̀ ọ́n kò sí ní Òmù-Àrán, òjò kò sì ní dúró dè é. Ti aṣọ, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ká a, mo sì fẹ́ràn ìyẹn jù, àyàfi pé ewúrẹ́ Èsìẹ́ kò mọ̀ pé aṣọ ni. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n. Tí ilẹ̀ bá ti rin, orí ọkọ̀ ni wọ́n ń gùn lọ sùn. Pátákò ewúrẹ́ kan ti tó.

Ìdí kan tún wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Lẹ́yìn ìjókòó, níbi tí aṣọ òrùlé ti kan ara ọkọ̀, ihò kékeré wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ibẹ̀ ni omi òjò tó bá ṣàn wálẹ̀ ń gbà jáde. Tí ìdọ̀tí bá dí i, omi kò ní lọ. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló máa dúró sí, irin á máa dípẹtà níbi tí ojú kò tó. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mẹ́káníìkì fi wáyà bírékì kẹ̀kẹ́ gún ihò ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Ewé dongoyárò ló kọ́kọ́ jáde, ẹrẹ̀ pupa tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni omi tó ti ń rùn bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ó kún ike ọṣẹ kan, ó kù. Ọ̀rẹ́ mi ti ń fi ọṣẹ olóòórùn fọ ọkọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó rò pé eku ló kú síbẹ̀.

Ti epo tí o sọ, lítà 1.8 ni ẹ́ńjìnì Corolla rẹ, 1.8 tàbí 2.0 ni ti MX-5. Kò sí èrè kankan níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 ni kálukú ti ń wá ọgbọ́n, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ọgbọ́n.

Ó wá ku ìjókòó.

Láàárọ̀, tí o bá ń jáde ní Èsìẹ́, ta lò ń pàdé lọ́nà? Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ tó ń lọ gba owó fẹ̀yìntì. Ìyàwó pásítọ̀ pẹ̀lú àpò èlùbọ́. Ọmọ ilé ìwé méjì tí wọ́n ti pẹ́. Nínú Corolla, wàá dúró, wọ́n á wọlé, wọ́n á fi àdúrà sin ọ́ dé Òró. Ní London, ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá kọjá lára rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n rí. Níbí, ẹni tó bá kọjá lára àgbà tó na ọwọ́ sí i, kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ délé. Gbogbo ọjọ́ lo máa máa ṣàlàyé pé kò sí àyè, ojú gbogbo ènìyàn ló sì máa rí i pé ìjókòó kan ṣófo.

Búùtù rẹ̀ jẹ́ lítà 150. Lórí ìwé, ìyẹn ni kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́fà. Lójú ayé, iṣu mẹ́wàá tí màmá bá kó láti oko, mẹ́fà ló máa wọlé.

Màmá náà nìyẹn, a ti padà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìjókòó ọkọ̀ yẹn súnmọ́ ilẹ̀ débi pé ẹni tí orúnkún ń dùn kò lè dá dìde níbẹ̀. Wàá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, wàá yípo, wàá fa ìyá rẹ sókè ní ọwọ́ méjèèjì níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, gèlè á sì yẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ńkọ́? Ẹ̀yìn ni ibi tó yẹ kí ọmọdé jókòó sí, ọkọ̀ yìí kò sì ní ẹ̀yìn. Iwájú ni àpò afẹ́fẹ́ wà, tó bá fò yọ, agbára rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀yin mẹ́rin lẹ ń jáde nílé: ìwọ, ìyàwó rẹ, ọmọ, màmá. Ìjókòó méjì. Àwọn méjì wo ló máa gun ọ̀kadà? Ìbéèrè tí ìyàwó rẹ ti bi ara rẹ̀ nìyẹn, ó sì ti rí ìdáhùn, kò kàn fẹ́ sọ ọ́ jáde ni. O ní ó ń jowú. Ẹni tó mọ ìṣirò ni.

Tí o bá ní ọkọ̀ méjì, ọ̀rọ̀ mi ì bá yàtọ̀. Mo mọ àwọn tó fi Corolla tàbí Sienna ṣe ìrìn ojoojúmọ́, tí wọ́n ní MX-5 tí sitíárìn rẹ̀ wà lápá òsì nínú gáréèjì tí ewúrẹ́ kò lè wọ̀, tí wọ́n ń gbé e jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta lẹ́yìn òjò, nígbà tí eruku ti sùn. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìwọ fẹ́ ta èyí tó ń gbé ilé rẹ.

Nítorí náà, má ta Corolla. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé o dúpẹ́, kí ó ta Mazda náà níbẹ̀. Bí ó bá fi díẹ̀ ránṣẹ́ nínú owó rẹ̀, fi ra ṣọ́kì tuntun mẹ́rin àti táyà. Ọjọ́ tí o bá lọ kí i ní London nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, yá ọ̀kan wà fún ọjọ́ méjì, ṣí òrùlé rẹ̀, kí o sì gba gbogbo atẹ́gùn tó wù ọ́.

Tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ nítorí ọ̀rọ̀ owú yẹn. Lẹ́yìn tí o bá ti ṣe ìyẹn tán ni kí o tó tún kọ̀wé sí mi. Bá mi kí màmá.