Oúnjẹ Ni Ọ̀rẹ́ Àwọ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ọ̀rọ̀ wọn sì tọ́, nítorí pé ẹni tí yóò roko títí di ọ̀sán gangan, tàbí tí yóò ru ẹrù láti ọjà kan dé èkejì, kò lè fi inú òfìfo ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ikùn kún, ọ̀tọ̀ ni kí ara le. Ènìyàn lè fi ẹ̀bà jí, kí ó fi àmàlà gba ọ̀sán, kí ó sì fi fùfú sùn, kí ebi má pa á ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún, síbẹ̀ kí ojú rẹ̀ máa ṣe bàìbàì, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa dín, kí egungun ọmọ rẹ̀ sì máa rọ̀, nítorí pé ohun kan wà tí ara ń bèèrè tí òkèlè nìkan kò lè fún un. Ohun náà ni orí ìwé yìí fẹ́ ṣàlàyé, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti mọ ìwé kà lè mọ̀ ọ́n, kí ó sì lè kọ́ ará ilé rẹ̀, nítorí ìlera ni oògùn ọrọ̀.

Ohun tí a ń pè ní fítámì àti èròjà inú ilẹ̀

Iṣẹ́ mẹ́ta ni oúnjẹ ń ṣe lára. Èkínní ni pé ó ń fún wa ní agbára, èyí sì ni iṣẹ́ iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti òróró. Èkejì ni pé ó ń mọ ẹran ara, èyí tí a ń rí nínú ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹran. Ẹ̀kẹta, tí a kì í sábà kà sí, ni pé ó ń ṣọ́ ara, ó ń tún ibi tí ó bá bàjẹ́ ṣe, ó sì ń jẹ́ kí iṣẹ́ méjì ìṣáájú lè ṣeé ṣe. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ kẹta yìí ni fítámì, tí a fi lẹ́tà A, B, C, D, E àti K pè, pẹ̀lú àwọn èròjà tí ohun ọ̀gbìn ń fà láti inú ilẹ̀, irú bí irin, kálísíọ̀mù, áyódínì àti síǹkì. Ìwọ̀n tí ara ń fẹ́ nínú ọ̀pọ̀ wọn kéré púpọ̀: bí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà 1,000, ìdá kan níbẹ̀ ni mílígíráàmù, mílígíráàmù 40 sí 90 fítámì C sì ti tó àgbàlagbà ní òòjọ́. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Bí èyí tí ó kéré jù nínú àwọn èròjà wọ̀nyí bá sọnù, gbogbo ara ni yóò mọ̀ pé ó sọnù.

Ní ọdún 1747, dókítà ọmọ ilẹ̀ Scotland kan tí ń jẹ́ James Lind wà nínú ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àrùn kan ti ń pa àwọn atukọ̀ tí wọ́n pẹ́ lórí òkun láìrí èso jẹ. Ìdí eyín wọn a máa ṣẹ̀jẹ̀, eyín wọn a máa mì, egbò àtijọ́ a sì tún là. Lind mú méjìlá nínú wọn, ó pín wọn ní méjì-méjì, ó sì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìtọ́jú ọ̀tọ̀. Àwọn méjì tí ó fún ní ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù ni ara wọn yá kánkán ju gbogbo àwọn yòókù lọ, láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà péré. Ní ìparí ọ̀rúndún kan náà pẹ̀lú èyí tí ó tẹ̀lé e, ìmọ̀ yìí ń tàn kálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí dókítà ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan, Christiaan Eijkman, fi ṣàkíyèsí ní erékùṣù Java pé àwọn adìyẹ tí a ń fi ìrẹsì bíbó funfun bọ́ ń rọ ní ẹsẹ̀, wọn kò lè dìde, ṣùgbọ́n bí a bá ti fún wọn ní ìrẹsì tí èèpo rẹ̀ ṣì wà lára, wọn a tún gbéra nílẹ̀. Ohun tí ó wà nínú èèpo ìrẹsì náà ni a mọ̀ lónìí sí fítámì B1. Ní ọdún 1912 ni Casimir Funk, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Poland, fún irú àwọn èròjà wọ̀nyí ní orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè wọ́n.

Ohun tí ó wà nínú ìkòkò wa

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí epo pupa, ọmọ ọ̀pẹ, nítorí pé ọlá ńlá ni Olódùmarè dá wa nínú rẹ̀. Ohun tí ó mú epo pupa pọ́n gan-an ni ara wa ń sọ di fítámì A, èyí tí ń jẹ́ kí ojú ríran ní àṣálẹ́, tí ó sì ń ran ọmọdé lọ́wọ́ láti dojú kọ ìgbóná àti ìgbẹ́ gbuuru. Ọmọ tí kò bá rí i tó yóò máa fẹsẹ̀ kọ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú; bí a kò bá sì wá nǹkan ṣe sí i, ojú náà lè fọ́ pátápátá. Nítorí náà, ìyálé ilé tí ó gbé epo kaná, tí ó jẹ́ kí ó yọ títí ó fi di funfun, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó ìwòsàn náà nù. Ẹ̀dọ̀ ẹran, ẹyin, ibẹ́pẹ pípọ́n, máńgòrò àti ẹ̀fọ́ tútù yọ̀yọ̀ náà ní i nínú, àti ẹ̀gẹ́ tí inú rẹ̀ pupa rúsúrúsú, èyí tí ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí wọ́n mú irú rẹ̀ jáde fún àwọn àgbẹ̀ ní ọdún 2011.

Lẹ́yìn epo ni ẹ̀fọ́: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewédú, àti ewúro, a-korò-lẹ́nu-ṣoore-fún-ara. Ṣùgbọ́n bí a ti ń sè é ṣe pàtàkì bí jíjẹ ẹ. Fítámì C àti díẹ̀ nínú àwọn fítámì B a máa yòrò sínú omi, iná a sì máa pa fítámì C. Ẹni tí ó gé ẹ̀fọ́ tán kí ó tó fọ̀ ọ́, tí ó rẹ ẹ́ sómi pẹ́, tí ó tún bọ̀ ọ́ lórí iná títí, tí ó sì da omi náà nù, ìwọ̀nba oore díẹ̀ ni ó kù fún un láti jẹ. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó gé e. Ẹ jẹ́ kí ó kẹ́yìn nínú ọbẹ̀. Bí ó bá ti rọ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kí ẹ sì máa fi èso tútù kún un, ìbáà ṣe ọsàn, gúáfà tàbí àgbálùmọ̀ ní àsìkò rẹ̀. Bákan náà ni ìrẹsì ọ̀fadà tí a kò bó jù ṣàǹfààní ju ìrẹsì funfun lọ, ẹ̀wà àti ẹ̀pà sì ń fún wa ní fítámì B tí ògì sísẹ́ ti pàdánù sínú èèrí.

Ẹ̀jẹ̀ àti iyọ̀

Irin ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Àwọn obìnrin tí ń rí nǹkan oṣù wọn, àwọn aboyún àti àwọn ọmọ kéékèèké ni irin sábà máa ń wọ́n lára wọn, pàápàá ní ilẹ̀ tí ibà àti aràn inú ti ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Àárẹ̀ tí kò nídìí, ojú òòyì, àti àtẹ́lẹwọ́ tí ó funfun ju ti àtẹ̀yìnwá lọ jẹ́ díẹ̀ nínú àmì rẹ̀. Irin inú ẹ̀dọ̀, ẹran àti ẹja rọrùn fún ara láti gbà. Irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá jẹ wọ́n pọ̀ mọ́ ohun tí ó ní fítámì C, ara yóò gbà á dáadáa. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà: ẹni tí ó jẹ ẹ̀wà tí ó sì fi ọsàn tì í ti mú kí méjèèjì rìn pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi tíì tì í ti dí irin náà lọ́nà.

Ní ti iyọ̀, a-mú-ọbẹ̀-dùn, ó ń ru ẹrù mìíràn tí ojú kò rí. Òjò ti fọ áyódínì kúrò nínú ilẹ̀ ọ̀pọ̀ agbègbè, àgàgà ní orí òkè tí ó jìnnà sí òkun, àwọn tí ń jẹ irè ibẹ̀ a sì máa yọ gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn. Gẹ̀gẹ̀ nìkan kọ́ ni àbùkù rẹ̀. Bí áyódínì kò bá tó aboyún, ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ lè má dàgbà bí ó ti yẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń pò ó mọ́ iyọ̀ tí à ń tà ní Nàìjíríà. Ẹ ra iyọ̀ tí a kọ ọ́ sí lára àpò rẹ̀, kí ẹ sì dé e mọ́lẹ̀ kúrò nínú oòrùn àti ọ̀rinrin.

Oòrùn tí kò gbowó

Oòrùn, a-ràn-kárí-ayé, tí kì í bi olówó tàbí tálákà léèrè kí ó tó ràn sí i lára, ni ó ń ran awọ wa lọ́wọ́ láti ṣe fítámì D. Fítámì yìí ni ó ń jẹ́ kí ara lè gba kálísíọ̀mù tí egungun àti eyín fi ń le. Ọmọ tí kò bá rí i tó, egungun rẹ̀ a rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì tẹ̀ bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan lè bèèrè pé, kí ni ó dé tí a fi ń rí irú ẹsẹ̀ títẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa tí oòrùn ti pọ̀ tó báyìí? Àwọn dókítà ní ìlú Jos wá ìdí rẹ̀, wọ́n tọ́jú ọmọ 123, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1999. Wọ́n rí i pé kálísíọ̀mù tí àwọn ọmọ náà ń jẹ lójúmọ́ kò ju nǹkan bí mílígíráàmù 200 lọ, àti pé àwọn tí a fún ní kálísíọ̀mù sàn ju àwọn tí a fún ní fítámì D nìkan lọ. Oòrùn kò já àwọn ọmọ náà kulẹ̀; àwo oúnjẹ ni kò ní ohun tí oòrùn yóò bá ṣiṣẹ́. Kálísíọ̀mù wà nínú wàrà, nínú ewé tútù, àti nínú ẹja wẹ́wẹ́ tí a jẹ tegungun-tegungun. Ìyá tí ó bá lọ ẹja gbígbẹ kúnná pẹ̀lú egungun rẹ̀ sínú ẹ̀kọ ọmọ ti ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ti àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀. Níbẹ̀, oòrùn ìgbà òtútù kò lágbára tó láti ṣe fítámì D lára ẹnikẹ́ni, awọ dúdú sì ń fẹ́ oòrùn pẹ́ ju awọ funfun lọ. Jíjókòó sẹ́yìn gíláàsì fèrèsé kò sì ràn án. Nítorí náà ni ìjọba ibẹ̀ fi gba gbogbo ènìyàn níyànjú láti ro lílo máíkírógíráàmù 10 fítámì D lójúmọ́ ní ìgbà òtútù, tí wọ́n sì ní kí àwọn aláwọ̀ dúdú ro ó yíká ọdún.

Ìgbà tí oògùn oníhóró yẹ

Oúnjẹ ni ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà kan ń bẹ tí oúnjẹ nìkan kò tó. Obìnrin tí ó ń gbèrò àtilóyún àti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún nílò mílígíráàmù 0.4 folic acid lójúmọ́, nítorí ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ ọmọ a ti máa fìdí múlẹ̀ kí ìyá tó mọ̀ dájú pé òun ti lóyún. Aboyún sì nílò irin pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ láti oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún yẹ kí ó gba fítámì A lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ọmọ tí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru yẹ kí ó rí síǹkì gbà fún ọjọ́ 10 sí 14, pẹ̀lú omi oníyọ̀ àti ṣúgà.

Síbẹ̀, àṣejù, baba àṣetẹ́. Fítámì A tí ó pọ̀ jù lè ba ọmọ inú jẹ́. Oògùn irin tí ọmọdé bá kó jẹ lè pa á, nítorí náà ẹ gbé e sókè réré. Ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọdọ̀ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin lò láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Kí a sì wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ kí a tó sanwó rẹ̀.

Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò bá fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọ ewúro ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀, tí a ń ná owó oṣù sórí ìgò aláràbarà. Kí ẹni tí ó ka ìwé yìí má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja wẹ́wẹ́ àti èso kún òkèlè ilé rẹ̀, kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣeré níta, kí ó sì gba oògùn oníhóró lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fún un.

Ìbéèrè

1. Iṣẹ́ mẹ́ta wo ni oúnjẹ ń ṣe lára?
2. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí epo pupa tí a yọ títí ó fi funfun?
3. Kí ló dé tí ó fi dára láti jẹ ọsàn lẹ́yìn ẹ̀wà?
4. Kí ni àwọn dókítà rí ní Jos nípa àwọn ọmọ tí egungun wọn rọ̀?
5. Àwọn wo ni ó yẹ kí wọ́n lo oògùn oníhóró, ewu wo sì ni ó wà nínú àlòjù rẹ̀?
6. Kọ ohun tí ẹ jẹ nílé yín lánàá sílẹ̀. Èwo nínú àwọn èròjà inú orí ìwé yìí ni kò sí nínú rẹ̀, kí ni ẹ sì lè fi kún un lọ́la?