Jókòó ti Ọmọ Nídìí Ọpọ́n: Ẹ̀kọ́ nípa Ayò Ṣẹ́ẹ̀sì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè àti ní gbogbo agbègbè Ògùn Waterside, ẹ ti parí ìwé kìíní. Ẹ ti lè ka lẹ́tà, ẹ ti lè kọ orúkọ yín, ẹ sì ti lè ro nọ́ńbà pọ̀. Lónìí, ẹ̀kọ́ wa dá lórí eré ọmọdé. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn kan.

1. Ọpọ́n tí mo fọ́

Ó lé ní ogún ọdún sẹ́yìn, mo jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, aago ti lù, àwọn ọmọ ti tò sórí ìlà, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin méjì kò sí níbẹ̀. Mo jáde lọ wá wọn. Mo bá wọn lábẹ́ igi obì, wọ́n ń ta ayò. Wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ihò méjìlá sára pákó kan. Mo na àwọn méjèèjì. Mo gbé ọpọ́n náà, mo là á mọ́ òkúta. Ó fọ́ sí méjì.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn kò mọ ìṣirò rárá ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n nídìí ọpọ́n, ó wo ihò tí ọmọ ayò mẹ́tàlá wà, kò fi ìka kà á, ó sì mọ ibi tí èyí tó kẹ́yìn yóò bọ́ sí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo dúró wò wọ́n díẹ̀ kí n tó gbé ẹgba sókè. Mo rí i, n ò ronú sí i. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi kúrò ní ilé-ìwé. Kò dé kíláàsì kẹfà.

Nígbà tí a ṣí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tuntun lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan wọlé. Ẹ̀rún pákó wà lára aṣọ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń la igi ni ó ti ń bọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káalẹ́, sà. Ẹ ò dá mi mọ̀ mọ́ ni? Èmi lẹ fọ́ ọpọ́n rẹ̀."

Ojú tì mí. Mo ní, "Dìde, ọmọ mi. Máà bínú."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó ti tán, sà. Ká ní ẹ jókòó tì wá lọ́jọ́ yẹn ni, kí ẹ bi mí pé báwo ni mo ṣe ń kà á, bóyá n bá ti mọ̀ pé ìṣirò náà ni mò ń ṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Òun ló mú mi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

2. Kí ni ṣẹ́ẹ̀sì?

Gbogbo wa mọ ayò. Ọpọ́n ayò ní ihò 12. Ọmọ ayò jẹ́ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta là ń pè ní ọ̀ta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta là ń pè ní ọ̀pẹ.

Ṣẹ́ẹ̀sì náà jẹ́ ayò orí ọpọ́n. Ilẹ̀ Íńdíà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ó gba ilẹ̀ Páṣíà àti ilẹ̀ Lárúbáwá kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó. Ọpọ́n rẹ̀ ní ojú 64: mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ ní òró. Bí ojú kan bá funfun, èyí tó tẹ̀ lé e yóò dúdú. Ènìyàn méjì ló ń ta á. Ọ̀kan mú ọmọ funfun, èkejì mú dúdú. Funfun ló máa ń kọ́kọ́ ta. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nìyí:

Ọba: 1
Ayaba: 1
Odi: 2
Bíṣọ́ọ̀bù: 2
Ẹṣin: 2
Ọmọ-ogun: 8

Ẹ rò wọ́n pọ̀. Ó jẹ́ 16.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń rìn. Odi ń lọ tààrà, síwájú, sẹ́yìn tàbí sí ẹ̀gbẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù ń gba ìkọ̀rọ̀, láti igun sí igun. Ayaba lè rìn bí odi, ó sì lè rìn bí bíṣọ́ọ̀bù. Òun ló lágbára jù. Ẹṣin ń rìn ojú méjì tààrà, yóò wá yà sí ẹ̀gbẹ́ ní ojú kan. Òun nìkan ló lè fo orí ẹlòmíràn. Ọba ń rìn ní ojú kan péré, síbi tó bá wù ú, bí ewu kò bá sí níbẹ̀. Ọmọ-ogun ń lọ síwájú ní ojú kan, kì í padà sẹ́yìn. Nígbà àkọ́kọ́ tó bá máa rìn, ó lè lọ ní ojú méjì. Bí ó bá fẹ́ jẹ ọ̀tá, ìkọ̀rọ̀ iwájú rẹ̀ ló ti ń jẹ ẹ́. Ọmọ-ogun tó bá rìn dé ìlà ìkẹyìn lọ́hùn-ún lè di ayaba.

Nínú ayò, ẹni tó bá jẹ ọmọ jù ló borí. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, o lè jẹ ọmọ púpọ̀ kí o sì pàdánù. Ọba ni à ń lé. Bí ọ̀tá bá dojú kọ ọba, tí ọba kò rí ibi sá sí, tí kò sí ẹni tó lè dí i, tí a kò sì lè jẹ ẹni tó dojú kọ ọ́, wọ́n ti ká ọba mọ́ nìyẹn. Eré ti parí.

3. Ọpọ́n tí kò náni lówó

Ẹ má ṣe sọ pé eré olówó ni. Ẹ wá páálí kan. Ẹ fi rúlà fa ìlà sí i títí yóò fi ní ojú 64. Ẹ kun ojú kan dúdú, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá jókòó tì í, ojú tó wà ní igun ọ̀tún lọ́dọ̀ yín gbọ́dọ̀ jẹ́ funfun.

Ẹ ṣa ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò 32. Ẹ mú 16 tí àwọ̀ wọn jọra fún ẹgbẹ́ funfun, kí ẹ mú 16 aláwọ̀ mìíràn fún ẹgbẹ́ dúdú. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn lórí: Ọ fún ọba, A fún ayaba, O fún odi, B fún bíṣọ́ọ̀bù, Ẹ fún ẹṣin. Ẹ má kọ nǹkankan sórí ọmọ-ogun. Ẹ ṣọ́ra o! Àmì tó wà lábẹ́ Ọ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ọba yín yóò di odi.

Ìlà tó sún mọ́ yín jù ni ẹ máa to àwọn àgbà sí. Odi wà ní igun méjèèjì. Ẹṣin tẹ̀ lé odi, bíṣọ́ọ̀bù tẹ̀ lé ẹṣin. Ọba àti ayaba wà láàrin. Ayaba funfun máa ń wà lójú funfun, ayaba dúdú lójú dúdú. Àwọn ọmọ-ogun mẹ́jọ tò síwájú wọn.

4. Àwọn ọmọ tí ẹnì kan jókòó tì

Ní Ìkòròdú, ọmọkùnrin kan kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Túndé Ọnàkọ̀yà. Kò sí owó púpọ̀ nílé wọn. Nígbà tó yá, ó lọ sí Yaba College of Technology ní Èkó. Ní ọdún 2018, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Chess in Slums Africa. Ó kó ọpọ́n lọ bá àwọn ọmọ tálákà níbi tí wọ́n wà, ní Majidun, ní Makoko tó wà lórí omi, àti lábẹ́ afárá Òṣòdì. Ó jókòó tì wọ́n, ó kọ́ wọn. Ẹgbẹ́ náà tún ń wá ọ̀nà kí àwọn ọmọ náà lè lọ sí ilé-ìwé.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Ọnàkọ̀yà àti Shawn Martinez, ará Amẹ́ríkà, ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní ìta gbangba ní ìlú New York, láti wá owó fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Ní ọdún 2025 wọ́n tún ta á níbẹ̀ fún wákàtí 64.

Ẹ má sì rò pé ti ọkùnrin nìkan ni. Ní Katwe, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní ìlú Kampala, ní orílẹ̀-èdè Uganda, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Phiona Mutesi. Ó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí àìsí owó. Olùkọ́ kan, Robert Katende, kọ́ ọ ní ṣẹ́ẹ̀sì. Ní ọdún 2010, ó ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ nínú ìdíje gbogbo àgbáyé ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Lẹ́yìn náà ó lọ sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín. Ṣẹ́ẹ̀sì kì í ṣe oògùn ìsọ̀yè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe ìwádìí láàrin ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 100. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní ṣẹ́ẹ̀sì ní àwọn kan, wọn kò kọ́ wọn ní àwọn yòókù. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2016. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ náà wò ní ìṣirò, àwọn tó kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì kò ta àwọn yòókù yọ.

Kí ni èyí fi yé wa? Ọpọ́n kò lè rọ́pò ìwé. Ohun tó ṣe ọmọ Òṣòdì àti ọmọ Katwe láǹfààní ni àgbà tó jókòó tì wọ́n, tó sì tún wá ọ̀nà ilé-ìwé fún wọn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

5. Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ

Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ lé ọmọ lórí lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ to ọmọ-ogun mẹ́jọ mẹ́jọ nìkan. Ẹni tí ọmọ-ogun rẹ̀ bá kọ́kọ́ dé òdìkejì ló borí. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi odi kún un. Báyìí ni ẹ ó máa fi kún un títí gbogbo rẹ̀ yóò fi pé.

Ẹ kọ́ ọ lófin yìí láti ìbẹ̀rẹ̀: ọmọ tí o bá fọwọ́ kàn ni o gbọ́dọ̀ ta. Nítorí náà, kó ronú kó tó na ọwọ́.

Bí ó bá ta á tán, ẹ bi í pé, "Kí ló dé tí o fi ta èyí?" Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Bí ó bá ṣì í, ẹ má gbá a létí, ẹ má pè é ní olódo. Bí ó bá pàdánù, kó bọ ẹnìkejì lọ́wọ́, kó bi í pé, "Níbo ni mo ti ṣì í?"

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó lé eré àwọn ọmọ. Iṣẹ́ ilé-ìwé ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tán.

6. Ìdíje ọ̀rẹ́

Bí ọmọ mẹ́rin bá ti mọ̀ ọ́n ta, ẹ lè ṣe ìdíje. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà, 1 sí 4. Ẹni tí a kọ́kọ́ dárúkọ ni yóò mú funfun.

Ìpele kìíní: 1 àti 4, 2 àti 3.
Ìpele kejì: 4 àti 3, 1 àti 2.
Ìpele kẹta: 2 àti 4, 3 àti 1.

Gbogbo wọn ti pàdé ara wọn nìyẹn. Eré mẹ́fà ni. Ẹni tó bá borí gba máàkì 1. Bí ó bá di ọ̀mì, kálukú gba ààbọ̀. Ẹni tó bá pàdánù gba òdo. Bí eré bá parí, ẹ ro máàkì àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 6. Bí kò bá jẹ́ 6, àṣìṣe wà nínú àkọsílẹ̀ yín.

Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìlú mìíràn, kí òbí kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé. Ẹ̀yin náà ti lè fọwọ́ sí i báyìí, kì í ṣe títẹ̀ka mọ́. Ní ìlú etí omi bí Ìwopin, bí ọmọ bá máa wọ ọkọ̀ ojú omi, kí àgbà bá wọn lọ, kí eré sì parí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Gbogbo ìdíje ló ń fẹ́ akọ̀wé. Ní àdúgbò wa, ọkùnrin onípákó tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ni akọ̀wé wa ní ọjọ́ Sátidé. Kì í kánjú kọ nọ́ńbà rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń rò ó. Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fẹ́ fọwọ́ sí i. Ó di bírò mi mú.

Ó ní, "Ẹ dúró ná, sà. Máàkì márùn-ún àti ààbọ̀ ló wà níbí. Ààbọ̀ kan ti sọnù."

Ó pe àwọn ọmọ, ó bi wọ́n léèrè. Lóòótọ́, ọmọ kan ta ọ̀mì, a kò kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó fún ọmọ náà ní ààbọ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó fọwọ́ sí i.

7. Ìbéèrè

1. Ojú mélòó ló wà lórí ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì? Ihò mélòó ló wà lára ọpọ́n ayò?
2. Ta ni ó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀? Ní ọdún wo?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin Ọ àti O lórí ìdérí ìgò wa?
4. Bí ọmọ mẹ́fà bá pàdé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ta eré márùn-ún. Eré mélòó ni gbogbo rẹ̀? (Bí ẹ bá rí 15, ẹ gbà á.)
5. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ kan nínú ilé yín irú eré tó fẹ́ràn. Ẹ jókòó tì í, kó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa rẹ̀, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.